Ẹ Ń Lọ sí Etíkun Ouidah? Oòrùn Ibẹ̀ Kì í Ṣe Oòrùn Oko, Òkun Ibẹ̀ Kì í Ṣe Odò Ilé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ohùn rédíò sókè díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ tòní kan ìlera, ó sì kan àpò owó.

Ẹ mọ̀ pé ní oṣù kìíní ọdún, ìsinmi máa ń wà ní gbogbo ilẹ̀ Benin fún ọdún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ìlú Ouidah ni ọdún náà ti ń gbóná jù. Láti ọdún 2024 ni ìjọba ti ń pè é ní Vodun Days, ó sì ti ju ọjọ́ kan ṣoṣo lọ báyìí. Èrò ń wá láti ilẹ̀ òyìnbó, láti Brazil, láti Nàìjíríà, láti Tógò. Àwa náà láti òkè níbí ń dáwó jọ, a ń háyà bọ́ọ̀sì, a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn kì í lọ nítorí ọdún yẹn. Wọ́n á lọ nígbà Àjíǹde, tàbí kí ilé ìwé kó àwọn ọmọ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọkọ̀. Àwọn mìíràn á lọ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ wọn ní Cotonou, tó bá sì di ọjọ́ Sunday, wọ́n á ní kí wọ́n mú àwọn lọ wo òkun ní Fidjrossè.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Àwa tí a ń gbé òkè níbí mọ ooru, a sì mọ odò. Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n yẹn gan-an ló máa ń tàn wá jẹ tí a bá dé etíkun. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán yóò ní, "Ta ló ń fi oòrùn dẹ́rù bà mí?" Ọmọ tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò láti kékeré yóò ní, "Ta ló ń fi omi dẹ́rù bà mí?" Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá lọ lè padà wálé láyọ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Láti ọ̀dọ̀ wa sí Savalou, kí ẹ gba Dassa, Bohicon, Allada kí ẹ tó dé Ouidah, ọ̀nà náà lé ní igba kìlómítà. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni tí ẹ bá ka ìdúró àti ìsinmi mọ́ ọn. Ẹ má ṣe fi òru rìn ín. Ní òru, awakọ̀ á máa tòògbé, ọkọ̀ akẹ́rù tó bàjẹ́ á sì wà lójú títì láìtan iná. Ẹ gbéra ní ìdájí, kí ẹ lè dé nígbà tí ojú ṣì mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì fún ẹgbẹ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Ṣé owó epo wà nínú rẹ̀? Ṣé ọkọ̀ náà máa dúró dè wá títí a ó fi padà? Ta ló ń bọ́ awakọ̀, níbo ló sì máa sùn? Tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, ta ló máa wá òmíràn? Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí awakọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ san apá kan nígbà ìgbéra, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà délé. Awakọ̀ tó ti gba gbogbo owó rẹ̀ tán kì í kánjú dúró de èrò.

Nígbà ọdún, owó ilé ìbùsùn ní Ouidah máa ń gbéra sókè, ibi tó dára sì máa ń kún. Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn ṣáájú, tí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ni, ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ tó sún mọ́. Ẹ kó àpò ẹ̀fọn dání. Etí ọ̀sà ni Ouidah wà, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò sì gba ọdún kankan lọ́wọ́ ẹni tó wá ṣeré. Ẹni tó bá sun inú bọ́ọ̀sì láìní àpò ẹ̀fọn lè kó ibà wálé.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ, tàbí oògùn ikọ́ fée, kó kó èyí tó máa lò dé ìgbà tó máa padà, kó tún fi ti ọjọ́ méjì lé e. Ẹ má ṣe fi oògùn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì sínú oòrùn, nítorí ooru inú ọkọ̀ lè bà á jẹ́. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù, kó lọ rí nọ́ọ̀sì kó tó wọkọ̀. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde náà, kó gba ìmọ̀ràn nílé ìwòsàn kó tó lọ, nítorí pé tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, tàbí tí òtútù omi òkun bá mú un lójijì, egungun lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Oòrùn tó fi afẹ́fẹ́ bojú

Ẹ jẹ́ ká ronú nípa aṣọ tí a fọ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá sá aṣọ ní Lougba, kí ẹ tó jẹun tán ó ti gbẹ. Nígbà òjò, aṣọ kan náà lè wà lórí okùn láti àárọ̀ di alẹ́ kó ṣì tutù. Kí ló fà á? Nígbà òjò, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, kò sí àyè mọ́ fún omi tó wà lára aṣọ láti gbéra kúrò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òógùn ara wa. Òógùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú ara tutù. Ìgbà tí òógùn bá gbẹ kúrò lára ló ń gbé ooru lọ. Lókè níbí, nígbà ọyẹ́, òógùn ń gbẹ kíákíá, ara sì ń rí ìtura. Ní etíkun, omi wà nínú afẹ́fẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Òógùn á máa ṣàn, á máa kán, aṣọ á lẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n kò níí gbẹ. Nítorí náà, ooru tó yẹ kó jáde á máa kóra jọ sínú ara. Ìdí rèé tí alágbára àgbẹ̀ lè rẹ̀ tẹnutẹnu ní Ouidah ní ọjọ́ tí kò tiẹ̀ dà bíi pé oòrùn mú.

Ohun kejì ni afẹ́fẹ́ òkun. Ó ń fẹ́ síni lára, ó dùn, ẹni tó jókòó sórí yanrìn á rò pé ara òun balẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò dí oòrùn lọ́wọ́. Oòrùn ń jó awọ ara lábẹ́ afẹ́fẹ́ náà, yanrìn funfun àti omi náà sì ń dá apá kan ìtànṣán rẹ̀ padà sí wa lójú, bí ìgbà tí a bá gbé dígí dojú kọ oòrùn. Awọ dúdú ní ààbò ju awọ funfun lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun náà ń jóná. Ọmọ wa tó jẹ́ àfín kò ní ààbò yẹn rárá. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn fún un, ẹ dé e ní fìlà tó ní etí gbòòrò, ẹ fi òróró tí ń dí oòrùn pa á lára, ẹ má sì jẹ́ kó kúrò níbòji láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Fún gbogbo wa, aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin yẹn ni kí a ṣọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tó fẹ́ rin ojú ọ̀nà ẹrú. Láti àárín ìlú Ouidah, níbi tí wọ́n ń pè ní Place Chacha, títí dé Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ sí etí òkun ní ọdún 1995, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 4. Ẹni tó bá rìn ín lọ tún ní láti wá bí yóò ṣe padà. Lójú ọ̀nà, òjìji kò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ní aago méje àárọ̀, tàbí kí ẹ dúró títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn arúgbó àti ọmọdé gun zémidjan tàbí ọkọ̀. Kò sí ẹ̀bùn kankan fún ẹni tó bá rìn ín ní ọ̀sán gangan. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ èdè Yorùbá ni wọ́n kó gba etíkun yìí lọ sí Brazil, débi pé títí dòní ni wọ́n ṣì ń pe àwọn kan ní Nagô ní Bahia. Ibi ọ̀fọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri.

Omi mímu

Ẹ má dúró de òùngbẹ. Kí òùngbẹ tó dé, omi ti ń dín kù lára. Àgbàlagbà tó ń rìn nínú ooru etíkun yẹ kó mu tó lítà 3 lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀, láti àárọ̀. Ẹ fi ìtọ̀ yín ṣe ìwọ̀n. Tó bá mọ́ tàbí tó pọ́n ráńpẹ́, ó dára. Tó bá ti ń pọ́n bí epo ẹ̀pà, tó sì kéré, ẹ lọ jókòó síbòji kí ẹ mu omi. Ọmọdé kì í bèèrè omi nígbà tó bá ń ṣeré, àgbà ló ní láti fún un. Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé kó má mu omi púpọ̀ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó tẹ̀lé ohun tí dókítà sọ.

Omi inú ọ̀rá pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rá náà kí ẹ tó rà á, bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ̀, bóyá kò jò. Ẹ nu ẹnu ọ̀rá kí ẹ tó fi eyín ya á. Omi àgbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lójú yín dára púpọ̀. Ẹ má mu omi òkun, bó ti wù kó mọ́ tó. Iyọ̀ inú rẹ̀ á fa omi tó kù lára yín jáde.

Sodabi ńkọ́? A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọdún. Ṣùgbọ́n ọtí kì í pa òùngbẹ. Ó ń mú kí èèyàn tọ̀ ju omi tó mu lọ, ó sì ń gba ìfura lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó ti mutí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òkun lọ́jọ́ náà.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnì kan, ẹ po omi ìyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a gé lórí, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kó máa mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa mu ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ bá funfun bí omi ìrẹsì tí kò sì dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe retí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kó má baà dé bẹ́ẹ̀, oúnjẹ tó ń gbóná, tó ń rú èéfín, ni kí ẹ rà. Ẹja díndín tó ti wà lórí àtẹ láti àárọ̀ tí eṣinṣin ń bà lé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. Ẹ kó ẹ̀pà, gàrí àti isu sísun láti ilé. Ó dín ìnáwó kù, ẹ sì mọ ọwọ́ tó sè é.

Nígbà tí ooru bá mú èèyàn

Ìpele méjì ló wà. Ìpele kìíní: orí ń fọ́ni, òòyì ń kọ́ni, èébì ń gbéni, òógùn ń ṣàn púpọ̀, iṣan ẹsẹ̀ ń fà. Ẹ gbé onítọ̀hún síbòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Tí ara rẹ̀ kò bá wálẹ̀ láàárín ààbọ̀ wákàtí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìpele kejì ló ń pani. Ara gbóná bí iná, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já geere mọ́, kò mọ ibi tó wà, ó ń ta gìrì, tàbí ó dákú. Awọ ara lè gbẹ, ó sì lè ṣì lóògùn. Ibí ni àṣìṣe ti ń wáyé. Ẹnì kan á ní, "Ibà ni," wọ́n á wá oògùn ibà fún un. Ẹlòmíràn á ní, "Òòṣà ló gùn ún," nítorí pé ìlù ń dún, àwọn olórìṣà sì ń jó nítòsí. Ẹ̀yin ará, àwọn olórìṣà mọ àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí òòṣà gùn. Tó bá jẹ́ ẹni tó wá wòran láti Lougba ló ṣubú, ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Tó bá ń jó yín lọ́wọ́, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wòye.

Ẹ má ṣe dúró de ọkọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ gbé e síbòji, ẹ bọ́ aṣọ òkè, ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn, abẹ́ abíyá àti ojúgun itan. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbé e sùn bó bá dákú, ẹ má sì da omi sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí, kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ wòran, ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé tàbí lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé níbo ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù wà, nọ́ńbà wo sì ni wọ́n ń pè.

Òkun kì í hó ruru

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tá. Òótọ́ ni fún omi mímu. Fún omi òkun, òwe mìíràn ni kí á mú lò: òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Odò wa ń ṣàn lọ sí ibì kan. Ẹ mọ òkè rẹ̀, ẹ mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkun Benin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ń fọ́ gbàà ní ẹnu yanrìn, yanrìn náà sì máa ń rì sísàlẹ̀ lójijì. Ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú, omi tó wà lórúnkún lè dé àyà. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá àwọn òyìnbó kò lè sún mọ́ ilẹ̀ ní etíkun yìí. Wọ́n á dúró lókèèrè, àwọn awakọ̀ ojú omi tó mọṣẹ́ á sì fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n la ìgbì kọjá láti kó ẹrù. Wọ́n mọṣẹ́, síbẹ̀ ọkọ̀ wọn ń dà. Ọdún 1965 ni ibùdókọ̀ ojú omi ńlá ti Cotonou tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí omi bá ń da àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ nù, kí ni ti ọmọ tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́?

Èyí tó burú jù ni omi tí ń fà. Ìgbì ń kó omi wá sí ẹnu yanrìn láìdákẹ́. Omi náà gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń wá àyè kan tó jìn díẹ̀, á gba ibẹ̀ padà sínú òkun bí odò tó ń sáré. Ní ojú ibi tó ń gbà yẹn, ìgbì kì í sábà fọ́. Ó máa ń dákẹ́, ó máa ń tẹ́jú láàárín ìgbì tó ń hó lọ́tùn-ún àti lósì, nígbà mìíràn yanrìn á ti pò mọ́ omi rẹ̀. Kí ni àwa ará òkè máa ń ṣe? A ó wò yíká, a ó ní, "Ibí ló dákẹ́, ibí ni kí àwọn ọmọ ti wẹ̀." Ibi tó dákẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀nà tí omi ń gbà kó èèyàn lọ.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́: ẹ má ṣe wẹ̀ nínú òkun níbi tí kò bá sí ẹni tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Tí wọ́n bá fi àsíá pupa síbẹ̀, ẹ má wọlé. Ẹ bi àwọn apẹja. Tí apẹja bá ní òkun kò dáa lónìí, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, ìgbì máa ń le sí i. Ọmọdé tó bá fẹ́ fọwọ́ kan omi, kí àgbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ẹnu yanrìn, kí omi má kọjá kókósẹ̀ rẹ̀, kí àgbà náà má sì kẹ̀yìn sí ìgbì. Ẹ má ṣe fi ọmọ ọdún márùn-ún lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ létí òkun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ.

Tí omi bá ti fa ẹnì kan lọ ńkọ́? Ẹni tó wà nínú omi, kó má ṣe bá a jà láti padà tààrà. Agbára rẹ̀ á tán, ohun tó ń pani nìyẹn. Omi yìí ń fani síwájú ni, kì í fani sísàlẹ̀. Kó dojú sókè, kó léfòó, kó gbọ́wọ́ sókè kó pariwo. Tó bá mọ ìwẹ̀ẹ́, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú, bí ẹni tó ń tọ etíkun lọ, títí yóò fi jáde kúrò nínú omi tó ń fà, lẹ́yìn náà kó tẹ̀lé ìgbì wá sílẹ̀.

Ẹni tó wà lórí yanrìn, kó má ṣe bẹ́ sómi. A mọ̀ pé ó ṣòro láti gbọ́, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n báyìí ni òkun ṣe ń gba ẹni méjì dípò ẹnì kan. Ẹ ju bídọ́ọ̀nù òfìfo tí a dé lẹ́nu sí i, tàbí okùn, tàbí ohunkóhun tó ń léfòó. Ẹ pariwo pe àwọn apẹja àti àwọn olùṣọ́. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyí: kí ẹ kó bídọ́ọ̀nù lítà 20 méjì àti okùn gígùn kan sínú bọ́ọ̀sì yín. Omi mímu ni ẹ ó fi kún inú rẹ̀ nígbà lílọ. Tó bá tán, ohun ìgbàlà ni.

Tí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má ṣe dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ gbé e dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ gírígírí ní ìgbà 30, ẹ tún fẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Kódà tó bá jí tó ń sọ̀rọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, nítorí omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe é ní wàhálà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ọmọ, owó àti ọ̀wọ̀

Èrò ọdún pọ̀ bí eéṣú. Ẹ rán aṣọ ẹgbẹ́ kan náà fún gbogbo ọmọ, aláwọ̀ tó tàn, kí ojú lè rí wọn lókèèrè. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù àgbà méjì sórí ìwé kékeré, ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ rán an mọ́ inú aṣọ ọmọ. Ẹ yan ibi tí gbogbo èèyàn máa pàdé tí ẹnì kan bá sọnù. Kí ẹnì kan máa ka orí kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, ní gbogbo ìgbà, láìka ariwo ẹni tó ń kánjú sí.

Ẹ má ṣe kó gbogbo owó sójú kan. Ẹ fi owó ọ̀nà ìpadàbọ̀ pamọ́ sọ́wọ́ akápò, ẹ fi díẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi owó ọjọ́ náà sí àpò. Ẹ bèèrè iye kí ẹ tó gun zémidjan, kí ẹ tó jókòó jẹun, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya yín ní fọ́tò. Owó tí a kò ná ṣáájú ni ìjà ń ti í jáde.

Níbi ojúbọ, ní Tẹ́ńpìlì Erè àti nínú igbó mímọ́ Kpassè, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ ọ. Yálà ẹ jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, àlejò kì í wọ ilé onílé kó máa ṣe bó ṣe wù ú.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

A ó dúró níbí kí ẹ lè sọ̀rọ̀ láàárín ara yín. Ẹ jíròrò lórí mẹ́rin yìí. Kìíní: nínú ẹgbẹ́ yín, ta ni a máa yàn láti ka orí, ta sì ni a máa yàn láti ṣọ́ àwọn ọmọ létí omi? Kejì: àwọn wo nínú wa ló ń lo oògùn lójoojúmọ́, ta ló máa rán wọn létí? Kẹta: kí ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ibi tí òkun ti dákẹ́ fi léwu. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé ló dáhùn, nítorí òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Kẹrin: tí ẹnì kan bá ṣubú láàárín èrò, kí ni a máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má ṣe rò pé a ń lé yín kúrò létí òkun. Òkun dára wò. Ọmọ tó bá fojú rí i kò ní gbàgbé. Ẹ lọ, ẹ wò ó, ẹ rántí àwọn tó gba ibẹ̀ lọ láìpadà, ẹ ra ẹja gbígbẹ bọ̀ fún àwọn tó wà nílé. Ṣùgbọ́n iye orí tó bá lọ ni kó padà wọ Lougba.

Ó di ìgbà mìíràn o. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ, kó ṣọ́ àbọ̀. Ẹ kú alẹ́.